Mọ́tò Tó Há sí Àgbàlá Wa

Ẹ ti ya fọ́tò tó. Ẹ fi fóònù yín sápò, kí ẹ wá ibi jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìdí kan bọ́nẹ́ẹ̀tì mi. Ẹ bi mí pé báwo ni mọ́tò tó tóbi tó báyìí ṣe dé inú àgbàlá tí kò ní géètì. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn bàbá yín ló yẹ kẹ́ ẹ bi, àmọ́ wọn ò ní rí nǹkan kan sọ, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́. Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀ wá wó ilé yìí. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mi ò mọ ibi tí gbogbo wa tún ti máa rí àyè jókòó pọ̀ báyìí. Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ti ń bí mi tipẹ́.

Bàbá tó bí bàbá mi ló kọ́lé yìí. Ìyàwó méjì ló fẹ́. Nígbà tó kú, wọ́n pín ilé ní ìdí-igi, bí a ṣe máa ń pín in ní Ìsàlẹ̀ Èkó: àwọn ọmọ ìyá àgbà mú iwájú, àwọn ọmọ ìyá kékeré, tí bàbá tèmi wà lára wọn, mú ẹ̀yìn. Géètì iwájú di ti àwọn tọ̀hún, géètì ẹ̀yìn, èyí tó já sọ́nà omi, di tiwa. Àgbàlá tí ẹ jókòó sí yìí nìkan ni wọn ò pín. Ibẹ̀ la ti ń dáná, ibẹ̀ la ti ń sáṣọ, ibẹ̀ la ti ń sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá gba iwájú wọlé lè gba ẹ̀yìn jáde láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tó ń ti Èbúté Èrò bọ̀ máa ń gba inú ilé wa kọjá kí oòrùn má baà pa wọ́n. Wọ́n á kí wa, a ó fún wọn lómi, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Lónìí, ẹ̀yin ọmọ onílé gan-an, ẹ fẹ̀gbẹ́ wọlé ni.

Gàrí àti èlùbọ́ ni bàbá mi ń tà ní Èbúté Èrò. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lọ sílé ló ti ra mọ́tò yìí, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Mọ́tò Amẹ́ríkà ni, ilẹ̀kùn méjì péré, imú gígùn, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ. Àwọn kan lọ́jà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí ni alágbàtà gàrí fẹ́ fi mọ́tò eré sísá ṣe.  Ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá mi máa ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ọmọ kankan bá a fọwọ́ kan kànhìnkànhìn.

Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bó bá ti ń bọ̀ láti Ìdúmọ̀tà la ti ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ bá láyé yìí o. Ó máa ń kùn láti ìsàlẹ̀, àwo á máa gbọ̀n lórí pẹpẹ. Ìyá mi á ní, “Bàbá yín ti dé Ìdúmọ̀tà, ẹ gbé omi sí balùwẹ̀.” Kó tó wọ géètì iwájú, omi ti wà níbẹ̀, ọbẹ̀ ti gbóná. Àwa ọmọdé á sá tẹ̀lé e láti ẹnu géètì títí dé àárín àgbàlá, gbogbo ara wa á di eruku, inú wa á sì máa dùn. Ẹ bá mi tẹ́tí sílẹ̀ nísinsìnyí. Kí lẹ gbọ́? Jẹnẹrétọ̀, àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó ṣòkòtò. Bí ìyá mi bá jí dìde lónìí, kò ní mọ ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé.

Mọ́tò bàbá mi, mọ́tò gbogbo ilé ni. Obìnrin tó bá ń rọbí, òun ló ń gbé e lọ sọ́sibítù. Ìyàwó tuntun, òun ló ń gbé e wọlé. Bí Ẹ̀yọ̀ bá fẹ́ jáde, àwọn tó ní mọ́tò láwọn ilé tó yí wa ká á wá kó tiwọn sí àgbàlá wa, torí mọ́tò ò gbọ́dọ̀ dènà lójú títì lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilé ni wọ́n kó o sí, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ọdún Iléyá kan wà tí bàbá mi ra àgbò ńlá kan ní Ìddó, búùtù ò gbà á. Wọ́n so ó mọ́ àga ẹ̀yìn, wọ́n ní kí èmi àti Gàníyù jókòó tì í. Gàníyù yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, láti ìdí-igi ìyá àgbà. Òun náà ni Olórí Ẹbí tí ẹ ń kúnlẹ̀ kí lónìí. Ó fi díẹ̀ jù mí lọ, Bọ̀dá Gàní ni mo ń pè é láti kékeré. A dórí bíríìjì Kátà, béètì fáànù já. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, a ń wo bàbá mi bó ṣe ń wá ọgbọ́n dá sí i. Ká tó padà wọlé, àgbò ti jẹ awọ àga ẹ̀yìn, ó ti dé inú fóòmù. Ẹ̀rù bà wá. Bàbá mi wo àga, ó wo àgbò, ó wo èmi àti Bọ̀dá Gàní, ó ní, “Ó dáa náà. Ẹ̀yin méjèèjì, ìpín tiyín nínú ẹran ọdún ló wà níbí yìí.” Ó rẹ́rìn-ín délé. Bọ̀dá Gàní sunkún délé, torí ó gbà á gbọ́.

Ìyàwó mi, Ṣìfáwù, ẹ̀yin tí ẹ bá a láyé ń pè é ní Ìyá Kúbúrà. Mọ́tò yìí náà ló gbé e wọlé wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n so yìgì wa, bàbá mi ju kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó ní kí n gbé ìyàwó mi lọ gbatẹ́gùn. Ìborùn tó bò lọ́jọ́ náà bá àwọ̀ mọ́tò mu, àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀. Mo rò pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ó pẹ́ kó tó sọ fún mi pé òun mọ̀ọ́mọ̀ wá a káàkiri ọjà ni. A gba Ìdúmàgbò, a gba Tinúbú, níbi tí omi ti ń tú sókè láàárín gbàgede, a já sí Marina. Marina ìgbà náà, omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èèyàn lè jókòó sórí ògiri kúkurú kó kọ ẹsẹ̀ sọ́nà ọ̀sà, kó máa wo ọkọ̀ ojú omi tó ń wọlé sí Apápá. Nísinsìnyí bíríìjì ló wà láàárín èèyàn àti omi. Ṣìfáwù ò fẹ́ràn eré. Bí mo bá ti tẹná díẹ̀, á ní, “Ẹ rọra, ẹ̀ ń sáré jù.” Bẹ́ẹ̀ mi ò sáré kankan.

Nígbà tí bàbá mi kú, mọ́tò náà dúró sábẹ́ páànù lápá ibí yìí. Kò sẹ́ni tó lágbára epo tó ń mu. Adìyẹ yé sínú rẹ̀. Omi òjò tó máa ń kún àgbàlá wọ̀ ọ́, ìpẹtà jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ rewáyà, tí mò ń tún iná mọ́tò olówó ṣe, mo máa ń wálé wá bá tiwa níbi tó ti ń jẹrà, ojú á sì máa tì mí. Ìgbà tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀ ni Ṣìfáwù ní, “Bàbá Kúbúrà, nígbà tẹ́ ẹ ti ń jókòó sílé báyìí, ṣé ẹ ò ní tún mọ́tò Bàbá ṣe kí ẹ tún gbé mi lọ sí Marina?” Ó fi ṣàwàdà ni, àmọ́ èmi mú un lọ́rọ̀. Mo ṣèlérí fún un.

Ọ̀rẹ́ mi Jósẹ́ẹ̀fù, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, panẹ́ẹ̀bítà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Adéníji Adélé, ló bá mi dá sí i. Bí iṣẹ́ ò bá ti sí níbẹ̀, á kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá, àwọn obìnrin ilé á sì gbé oúnjẹ fún un kó tó fọwọ́ kan nǹkan. A yọ ẹ́ńjìnnì, a gbé ara mọ́tò sórí igi. Ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹ débi pé ẹsẹ̀ èèyàn ń kan sìmẹ́ńtì. Jósẹ́ẹ̀fù gé irin tuntun, ó jó o mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a tú àga ẹ̀yìn, a bá ìgbẹ́ àgbò Iléyá nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ti gan bí ẹ̀wà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo ní ká rán gbogbo àga yòókù, ṣùgbọ́n ká fi ibi tí àgbò jẹ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè yọjú wò ó.

A ò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí òyìnbó ṣe ṣe é. Búréèkì rẹ̀ kò dáa tó fún Èkó òde òní, ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń yọ sí èèyàn láti ibi tí kò rò, a bá wá búréèkì mọ́tò Japan àlòkù láti ọjà Ládípọ̀. Rádíétọ̀ rẹ̀ kéré sí ooru wa, a fi èyí tó tóbi sí i. Iná tó ń tan pílọ́ọ̀gì, iṣẹ́ tèmi nìyẹn, mo yọ ti àtijọ́ tó máa ń kú bí òjò bá ti rọ̀, mo fi ti ìgbàlódé sí i. Kàbúrétọ̀ nìkan ni mi ò gbà ká yí. Jósẹ́ẹ̀fù ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ jàre, epo tó ń mu ti pọ̀ jù.” Mo ní kó fi í sílẹ̀, ibẹ̀ ni ohùn tí mo mọ̀ ti ń wá. Nígbà tó kan ọ̀dà, Jósẹ́ẹ̀fù fẹ́ pupa, kí gbogbo Èkó lè máa wò wá. Ṣìfáwù kò bá a jiyàn. Ó wọ yàrá lọ, ó mú ìborùn ọjọ́ yìgì wa jáde, ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọ̀ tí ẹ ń wò yìí nìyẹn.

Ó ku ká dá ẹ́ńjìnnì padà nígbà tí Kúbúrà, ọmọ wa, bímọ ní Ìbàdàn. Èmi àti Ṣìfáwù lọ síbẹ̀, a sì pẹ́ níbẹ̀, torí ara ọmọ náà ò kọ́kọ́ le. Ọjọ́ tí a dé, mo rí i pé géètì iwájú ti di ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn irin, sìmẹ́ńtì tútù. Kò dùn mọ́ mi, àmọ́ mi ò bínú. Mo sọ fún Ṣìfáwù pé àwọn ará iwájú ló ni géètì wọn, ẹ̀yìn ṣáà wà níbẹ̀. A bá rìn yíká lọ sẹ́yìn. Ògiri la bá. Múrí, àbúrò mi tó ń bójú tó ìdí-igi tiwa, ti fi ibẹ̀ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí fún oníṣòwò kan. Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù iwájú kò gba èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹrù wà lórí Ṣìfáwù. Kò sọ ọ́ kalẹ̀, ó kàn dúró ń wo ògiri.

Mo lọ bá Bọ̀dá Gàní. Ó ní, “Àbúrò, ká ní a mọ̀ ni. A jókòó nípàdé, a ní mọ́tò ẹ á gba ẹ̀yìn jáde. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀yìn?” Mo lọ bá Múrí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwa náà ṣèpàdé. A ní ṣé géètì iwájú kọ́ ló tóbi jù ni? Ta ló mọ̀ pé wọ́n máa dí i?”

Ẹ gbọ́ nǹkan tí mò ń sọ. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Wọ́n ń pọnmi nínú kànga kan náà, wọ́n ń kírun ní mọ́sálásí kan náà, síbẹ̀ ìdí-igi kan ò bi èkejì léèrè pé ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ fẹ́ ṣe sí tiyín. Ìpàdé iwájú gbọ́kàn lé ẹ̀yìn, ìpàdé ẹ̀yìn gbọ́kàn lé iwájú. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri á kọ́kọ́ pe gbogbo ilé.

Bọ̀dá Gàní rọ̀ mí. Ó ní bí àdéhùn àwọn ayálégbé bá ti parí, àwọn á wó ṣọ́ọ̀bù kan, màá mú mọ́tò mi jáde, àwọn á tún un mọ. Mo gbà á gbọ́. Èmi àti Jósẹ́ẹ̀fù dá ẹ́ńjìnnì padà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dáhùn, àwo gbọ̀n lórí pẹpẹ. Ṣìfáwù yọjú láti ibi ìdáná, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Bàbá ti dé Ìdúmọ̀tà.”  Mo gbé orí sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Àdéhùn parí, wọ́n tún òmíràn ṣe. Ìyẹn náà parí, wọ́n tún ṣe. Jósẹ́ẹ̀fù ní ká gé mọ́tò sí méjì, ká gbé e jáde, kóun jó o pọ̀ níta. Mo lé e jáde lọ́jọ́ yẹn, mo sì lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Owó ṣọ́ọ̀bù yẹn ló rán ẹlòmíràn nínú yín lọ sílé ẹ̀kọ́, mo mọ̀. Mi ò fi bú yín. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tó ti wá ni.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá Ṣìfáwù dùbúlẹ̀. Nígbà tí a rí i pé kò ní dìde mọ́, ó ní òun fẹ́ rí Marina. Kúbúrà fi fóònù pe takisí wá. Ṣìfáwù ní kí takisí máa lọ. Ó ní, “Kì í ṣe mọ́tò ló wù mí wọ̀. Bàbá Kúbúrà ló ṣèlérí fún mi.” Mo bá tún lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Gàní. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi tí orúnkún ń dà láàmú. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, ọjọ́ kan péré. Ó gbé mi dìde, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lóòótọ́. Ó ní, “Àbúrò, ṣe sùúrù. Onítọ̀hún ti kó ọjà Iléyá kún inú ẹ̀. Bí a bá ti ṣọdún tán, mo fi Ọlọ́run búra.”

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, mo gbé Ṣìfáwù jáde wá síbí. Kò wúwo mọ́. Mo fi ìborùn yẹn bò ó lórí, mo gbé e sí àga iwájú, mo ṣíná. Ó ní, “Ó yá, ẹ wà á.” Mo wò ó, mo rí i pé kò fi ṣeré. Mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo fọwọ́ mú gíà, mo yí sítíárì. Mo ní, “A ti jáde ní géètì. Ìdúmàgbò rèé.”

Ó dijú. Ó ní, “Ṣé èrò pọ̀ níbẹ̀?”

“Wọ́n pọ̀, àmọ́ wọ́n ń yà fún wa.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo tún yí sítíárì. “A ti dé Tinúbú.”

“Ṣé omi yẹn ṣì ń tú sókè?”

“Ó ń tú.”

Mo tẹná díẹ̀, kí ohùn rẹ̀ lè gòkè bó ṣe máa ń ṣe níbẹ̀. Ó gbá mi lápá. “Ẹ rọra, ẹ̀ ń sáré jù.” Ìgbà yẹn gan-an ni ẹnì kan fọwọ́ gbá ògiri láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó ń pariwo pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ o, èéfín yín ti ń ba aṣọ tí mò ń tà jẹ́.” Mo pa iná. Ṣìfáwù la ojú, ó wo ògiri. A ò dé Marina.

Kò rí Iléyá ọdún náà. Lọ́jọ́ tó kú, àwọn ọkùnrin ilé gbé pósí, Bọ̀dá Gàní níwájú, Múrí lẹ́yìn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn, kò gbà wọ́n. Wọ́n sún síwájú, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n gbé e gba apá ọ̀tún, wọ́n gbé e gba apá òsì. Níkẹyìn wọ́n nà án dúró, wọ́n fẹ̀gbẹ́ gbé e kọjá bí ẹni tó ń kó àga jáde. Ìyàwó tí mọ́tò gbé wọlé, tí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún, ìnàró ni wọ́n gbé e jáde. Bọ̀dá Gàní wojú mi lẹ́ẹ̀kan, kò tún wò mí mọ́ títí a fi ti itẹ́ òkú dé.  Láti ọjọ́ náà, “ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá” nìkan ló wà láàárín wa.

Wọ́n ti wá ta gbogbo ilé báyìí, iwájú àti ẹ̀yìn, àti àgbàlá tí wọn ò pín. Wọ́n pe èmi náà sípàdé yẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìdí-igi méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n sì fẹnu kò. Ọ̀gá àwọn tó máa wólé, ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, wá wo àyíká lánàá. Ó rí mọ́tò, ó fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ má ṣèyọnu. Iwájú la máa kọ́kọ́ wó, a ó kó pàǹtí rẹ̀ kúrò, ẹ ó wa mọ́tò yín jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ ká tó fọwọ́ kan ibòmíì.” Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ rárá o. Àjèjì ni.

Lọ́la, nígbà náà, ọ̀nà á ṣí. Marina ni mò ń lọ. Bọ̀dá Gàní ti gbọ́, ó ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí pé òun fẹ́ bá mi lọ. Ó ní gẹ́gẹ́ bí Olórí Ẹbí, ó yẹ kóun jókòó síwájú nígbà tí mọ́tò Bàbá bá ń jáde nílé fún ìgbà ìkẹyìn. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ kí i fún mi dáadáa, àgbà ni. Ẹ ní mo ní kó máa bọ̀. Àyè wà fún un lẹ́yìn, níbi tí èmi àti òun ti jókòó ti àgbò. Ìborùn tí ẹ rí lórí àga iwájú yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sún un. Ẹni tó ni ibẹ̀ ti jókòó.